Ohun Tí Kábírù Fẹ́ Rà ní Banyusela

Rọ́fíátù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí Bàyú ọkọ rẹ, mo sì kí àna mi, Bu Sri, ìyá rẹ̀, tí wọ́n mọ ènìyàn tọ́jú débi pé mo sanra kí n tó kúrò nílé wọn. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà ní Peckham níbí. Màmá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé òun kò bínú mọ́ nítorí fóònù tí o kò gbé lọ́jọ́ Sátidé. Ó ṣì ń bínú díẹ̀. Pè é.

Mo rí ìwé ìpolówó tí o fi ránṣẹ́ gbà, èyí tí o ní kí n máa pín fún àwọn ará mọ́ṣáláṣí wa àti àwọn oníbàárà mi, kí ẹni tó bá fẹ́ wá ṣe àbẹ̀wò sí Banyusela tí ẹ wà ní Indonesia yẹn, tàbí tó fẹ́ fi owó sí ilé níbẹ̀, lè mọ irú abúlé tó jẹ́. Mo sì gbọ́ ọ̀rọ̀ Kábírù tí o gbà sílẹ̀ sórí fóònù. Mo gbọ́ ọ, mo tún un gbọ́. Bí mo bá ní kí n fi fóònù dá ọ lóhùn, màmá rẹ á gbà á lọ́wọ́ mi kí n tó la ẹnu dáadáa, ọ̀rọ̀ ata ni ẹ ó sì fi parí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Rye Lane, níbi tí mo ti ń gé kọ́kọ́rọ́ láti ìgbà tí o wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, láàárín ẹni tó ń ta ẹja àti ẹni tó ń tún fóònù ṣe, tí mo ń kọ lẹ́tà. Bí o bá rí i pé mo fò láti orí ọ̀rọ̀ kan bọ́ sórí òmíràn, oníbàárà ló dé.

Jẹ́ kí n tún ìbéèrè rẹ sọ, kí o lè mọ̀ pé ó yé mi. Kábírù, ọmọ Àlàájì Múfútàù ọ̀rẹ́ mi, tó ń ṣe òwò ilé ní London níbí, fẹ́ háyà gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó wà lẹ́bàá ìsun omi Banyusela. Ó fẹ́ kọ́ àwọn ilé ìgbafẹ́ ńláńlá síbẹ̀, kó mọ odi yí i ká, kí àwọn olówó máa wá sinmi níbẹ̀. Ó fẹ́ kí o bá òun bá àwọn àgbà abúlé sọ̀rọ̀, nítorí wọ́n máa ń gbọ́ tìẹ. Bí o bá ṣe é, yóò bá yín parí ilé àlejò oníyàrá mẹ́ta tí ìwọ àti Bàyú ń kọ́ díẹ̀díẹ̀. O wá ní, "Daddy, I honestly don't know what to tell him. Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mò ń disrespect yín, ọmọ friend yín ni." Ìbéèrè tó dára ni, màá sì dáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n o mọ̀ mí, èmi kì í dé ọjà kí n má yà kí ènìyàn.

Èkínní, tún ìwé ìpolówó yẹn kọ. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé Banyusela jẹ́ párádísè tó fara pamọ́, tí ọwọ́ ènìyàn kò tíì kàn. Ta ló fi í pamọ́? Àwọn tó fi ọkọ́ gé òkè yẹn ní ìpele-ìpele láti gbin ìrẹsì, tí wọ́n fi ọ̀pá ọparun darí omi wọ inú oko, ṣé wọn kì í ṣe ènìyàn ni? Baba-ńlá ọkọ rẹ wà lára wọn. Bí mo bá jẹ́ àgbà abúlé yẹn, tí ẹnì kan ka ìwé rẹ sí mi létí, màá béèrè pé ṣé ewúrẹ́ ni wá ni.

Kọ òtítọ́, Àbẹ̀kẹ́. Òtítọ́ ibẹ̀ dùn ju irọ́ lọ. Sọ fún wọn pé bí bàálù bá já wọn sílẹ̀ ní Jakarta, wọn yóò wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Yogyakarta, wọn yóò tún wọ mọ́tò tí yóò máa yí gba kọ́nà lórí òkè títí ìfun á fi máa béèrè pé níbo là ń lọ gan-an. Mọ́tò á dúró níbi afárá, ọ̀kadà ló máa gbé wọn parí rẹ̀. Ìwọ náà rí màmá rẹ, ẹni tó ti búra ní Peckham pé òun kò ní í gun ọ̀kadà láéláé. Kò pẹ́ tó jókòó tó fi ń gbá ọlọ́kadà léjìká pé, "Oya, faster, my dear!" Kọ ìyẹn síbẹ̀. Àwọn ìyá Peckham á ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà gan-an.

Sọ fún wọn pé láti ìparí ọdún títí wọ nǹkan bí oṣù kẹta, òjò ló ni ọ̀sán, ilẹ̀ a sì máa yọ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ràn bàtà funfun wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Sọ fún wọn pé omi ìwẹ̀ tutù, ike ni wọ́n á fi máa bù ú dà sára, igbe ló sì máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn. Netiwọ́ọ̀kì kò sí níbi gbogbo. Kọ̀rọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá fọlibọ́ọ̀lù, ibẹ̀ ni gbogbo abúlé ti ń pe ẹni tó wà lókèèrè, nítorí náà kí wọ́n má sọ àṣírí níbẹ̀. Àkùkọ kò mọ ìsinmi. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sè tí wọ́n rẹ́ àgbọn lé lórí yóò mú wọn rántí ilé. Ata wọn kì í ṣeré. Bí ó bá sì jẹ́ àsìkò kànáfùrù, tí wọ́n sá a sórí ẹní lójú ọ̀nà láti òkè dé ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ nìkan tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ wọ bàálù.

Kọ ọ́ ní gàdàgbà-gadagba pẹ̀lú pé òfin ilẹ̀ wọn kò gba àjèjì láyè láti ra ilẹ̀ kó di tirẹ̀ pátápátá. Àjèjì lè háyà ilẹ̀ fún iye ọdún tí wọ́n bá jọ fẹnu kò sí, kí ó sì rí lọ́yà ibẹ̀ tó mọ òfin náà kó tó tọwọ́ bọ ìwé. Ará Peckham tó bá ń lá àlá pé òun máa fi ilẹ̀ Banyusela sílẹ̀ fún ọmọ-ọmọ òun, ilé ni kó ti mọ̀, kó má jẹ́ pé ẹ̀yìn ọ̀hún ni ojú rẹ̀ máa là.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìkíni. Nígbà tí èmi àti Múfútàù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí, yàrá kan ṣoṣo ni a jọ ń gbé ní Kennington. Ẹnì kan sọ fún wa pé ní London, kálukú ló ń ṣe tirẹ̀, pé bí a bá ń kí ènìyàn kiri, wọ́n á rò pé orí wa ti yí. A gbà á gbọ́. Láti ìgbà òtútù títí ó fi fẹ́ parí, a kò kí ìyá arúgbó ará Jamaica tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwa, bẹ́ẹ̀ a máa ń pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó wá di ọjọ́ kan tí ibà àti ikọ́ dá mi dùbúlẹ̀, Múfútàù ti lọ síbi iṣẹ́, ni mo bá gbọ́ kò-kò-kò. Ìyá náà ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ ọbẹ̀ gbígbóná. Ó ní, "Is three nights me hear you coughing, son. Nobody teach you to knock?" Mo jẹ ọbẹ̀ náà pẹ̀lú omijé, ata rẹ̀ sì wà lára ohun tó fà á. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ẹni tí a kò kí náà ń gbọ́ ikọ́ wa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí gbogbo ayé. O mọ̀ pé mo máa ń kí awakọ̀ bọ́ọ̀sì débi pé ìwọ àti àbúrò rẹ tó wà ní Catford báyìí máa ń díbọ́n pé ẹ kò mọ̀ mí rí.

Bí mo ṣe dé Banyusela, mo rí àwọn ẹgbẹ́ mi. Ẹnikẹ́ni tó bá kọjá níwájú ilé ẹlòmíràn á ní "Monggo," ẹni tó jókòó náà á sì dá a lóhùn. Wọ́n á bi ọ́ pé níbo lò ń lọ, wọn kò sì fẹ́ kí o ṣe àlàyé kankan, bí tiwa gan-an. Ṣùgbọ́n o rántí ìrọ̀lẹ́ tí mo sáré wọlé wá bá ọ, tí inú mi kò dùn?

Mo ní, "Rọ́fí, ṣé mò ń rùn ni?"

O ní, "Ahn-ahn, Daddy, kí ló dé?"

Mo ní, "Ẹni mẹ́ta ló ti bi mí lójú ọ̀nà pé ṣé mo ti wẹ̀. Bàyú ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi."

O rẹ́rìn-ín títí o fi fara ti ògiri. "Daddy, it's just a greeting! Bíi 'ẹ kú ìrọ̀lẹ́' ni. It's not that deep."

Ìwọ náà mọ ohun tí mo ṣe ní ọjọ́ kejì. Gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ni mo ń bi bóyá ó ti wẹ̀. Mo bi ọlọ́kadà, mo bi àwọn ọmọ iléèwé, mo bi lèmọ́mù pàápàá lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Lèmọ́mù gbé ọwọ́ lé àyà, ó ní òun ti wẹ̀, ó sì bi èmi náà. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń bù mí ní tíì láìjẹ́ pé mo béèrè. Nítorí náà, kọ́ àwọn àlejò rẹ ní ìkíni kí wọ́n tó dé. Ẹni tó bá ń gba inú abúlé kọjá pẹ̀lú ojú lórí fóònù ti ń bú wọn láìmọ̀.

Kí n tó kúrò lórí ìyẹn: ọjọ́ tí o kúnlẹ̀ kí Bu Sri níwájú gbogbo ènìyàn, bí a ṣe tọ́ ọ, tí wọ́n yí sí Bàyú tí wọ́n ní, "Ṣé ọdún Ìtúnu Àwẹ̀ ti dé ni?" nítorí ọjọ́ ọdún ni àwọn ọmọ tiwọn máa ń kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀, inú mi dùn débi pé mo ní láti lọ máa wo adìẹ lẹ́yìn ilé, kí ẹnikẹ́ni má rí ojú mi.

Ẹ̀kẹta. Ọ̀rọ̀ géètì. Ṣebí o rò pé màá fò ó.

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo ra ilẹ̀ kan ní ẹ̀yìn odi Ìbàdàn. Kí n tó padà débẹ̀, ẹlòmíràn ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ sí i. Ọmọ Yorùbá wo ni irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ sí, tàbí tí kò mọ ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí? Láti ìgbà náà ló ti wọ̀ mí lára pé bí ènìyàn bá gba ilẹ̀, kí ó tó gbàdúrà sí i, kó kọ́kọ́ fi nǹkan yí i ká, kó gbé géètì sí i, kó sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kì í ṣe títà. Iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ tí mo wá ń ṣe kò sì mú kó sàn. Nítorí náà, nígbà tí a wá kí yín, tí ìwọ àti Bàyú lọ sí ìlú láti lọ wá pákó fèrèsé, tí mo rí ilẹ̀ yín tó ṣí sílẹ̀ gbayawu tí gbogbo ayé ń gbà á kọjá, oorun kò kùn mí. Mo lọ bá wẹ́dà abúlé. Mo fi ọwọ́ ya géètì sínú afẹ́fẹ́ fún un. Ó ní, "Nggih, nggih," bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo lọ bá olórí àdúgbò, Pak RT. Òun náà ní, "Nggih." Mo ní ìlú tó mọ ẹ̀tọ́ ni èyí! A fi wáyà yí ilẹ̀ ká, a gbé géètì dúró, mo so àgádágodo tí mo gbé wá láti Rye Lane mọ́ ọn, mo sì fi ọ̀dà kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá pé THIS LAND IS NOT FOR SALE. Ta ni mo ń kọ ọ́ fún? Ìyẹn ni màmá rẹ bi mí. Mo ní kó lọ jókòó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ ti dé, èmi àti ìwọ jókòó níta, à ń mu tíì. Mo rí i pé àwọn obìnrin tó ń lọ síbi ìsun omi kò gba inú ilẹ̀ yín mọ́. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbà, nínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú bàsíà aṣọ lórí àti ike omi lọ́wọ́. Bí wọ́n bá dé ọ̀kánkán wa, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Monggo, Pak." Kò sí ẹni tó bínú. Mo ti ń rò ó pé nǹkan lọ dáadáa ni ìyá àgbà tí ẹ ń pè ní Mbah Karti fi yọ̀ ṣubú. Ike omi ń yí lọ sísàlẹ̀. Èmi àti ìwọ sáré lọ, a gbé wọn dìde, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, wọn kò fara pa. Ẹrẹ̀ gba ara wọn títí dé àyà. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n wo òkè, wọ́n sọ nǹkan kan, o kò sì fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

Mo ní, "Kí ni wọ́n sọ?"

O ní, "Wọ́n ní géètì yín rẹwà gan-an, Daddy."

Kò sí èébú tí ẹnikẹ́ni bú mi rí ní London tàbí ní Ìbàdàn tó wọ̀ mí lára tó ìyìn yẹn.

Mo bínú sí wẹ́dà, mo bínú sí Pak RT. Mo ní ṣebí gbogbo wọn ló sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà yẹn lo sọ ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ fún ìdajì Peckham. O ní, "Daddy, 'nggih' wọn ní levels. Nggih kan wà tó jẹ́ yes. Nggih kan wà tó jẹ́ mo ti gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Òmíràn wà tó jẹ́ kí Ọlọ́run ṣàánú yín." Mo bi ọ́ pé èwo ni wọ́n fún mi. O kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹrẹ̀ kúrò lára bàtà mi.

Èmi fúnra mi ni mo tú géètì náà. Wọ́n ní ẹ̀wà Mbah Karti ti ń gun orí rẹ̀ báyìí lẹ́yìn ilé ìdáná wọn, pé kò sí ẹ̀wà tó ní àtìlẹ́yìn tó le tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo agbègbè. Ṣùgbọ́n wo ohun tó tẹ̀lé e. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, a gbọ́ ariwo, ni a bá rí àwọn ọkùnrin abúlé tí wọ́n ń bọ̀ pẹ̀lú okùn àti ọparun, ọ̀wẹ̀ ni wọ́n wá ṣe láti gbé òrùlé yín. Wọ́n ti ń dúró de kí ọ̀nà ṣí. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ọ̀wẹ̀ gbẹ̀yìn. Nílé wa pàápàá, owó ni gbogbo ènìyàn ń béèrè báyìí. Àwọn kan wà lókè, àwọn kan wà nílẹ̀, a tò gbọ̀ọ̀rọ̀, à ń ju páànù amọ̀ tí wọ́n fi ń bo ilé níbẹ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́, lèmọ́mù wà ní apá ọ̀tún mi, wẹ́dà wà ní apá òsì. Màmá rẹ gba ilé ìdáná lọ́wọ́ Bu Sri, ó rí ẹ̀wà kan níbẹ̀ tó jọ tiwa, ó lọ̀ ọ́, ó fi òróró àgbọn dín àkàrà. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, síbẹ̀ mo gbọ́ tí àwọn méjèèjì ń jiyàn lórí iye ata, tí ọ̀rọ̀ náà sì yé wọn yékéyéké. Kí oòrùn tó wọ̀, ilé yín ti ní orí. Rọ́fí, mo ti láyọ̀ láyé mi, ṣùgbọ́n n kò rò pé mo ti láyọ̀ tó ọjọ́ yẹn rí.

Ẹ̀kẹrin, kí n tó gbàgbé: ọmọ ibẹ̀ ni ọkọ rẹ. Òun náà ní "nggih" tirẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ tí o gbà sílẹ̀, o ní o ti bá a sọ ọ̀rọ̀ Kábírù, ó sì ní kò burú. Ṣé kò burú ni lóòótọ́, àbí ó ń wo ojú rẹ? Má bi í nígbà tí ẹ bá jókòó kojú ara yín. Bi í nígbà tí ẹ bá jọ ń ṣa òkúta lára ìrẹsì, tí ọwọ́ yín dí, kí o sì dákẹ́ lẹ́yìn ìbéèrè náà. Ìwọ ọmọ mi kò mọ dídákẹ́ ṣe. Ọ̀dọ̀ mi lo ti mú un. Kọ́ ọ. Èmi àti màmá rẹ ti wà nínú èdè àìyedè rí fún odindi oṣù, nítorí pé mo bi í léèrè, mo sì fi ẹnu ara mi dáhùn fún un.

Ó wá kan Kábírù.

Ọmọ dáadáa ni, mo mọ̀ ọ́n láti kékeré, òwò rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ilẹ̀ tó fẹ́ háyà wà lórí ọ̀nà tó lọ síbi ìsun omi. Ó lè rí olówó, ó lè rí lọ́yà, ó lè rí ẹni tó gbọ́ èdè wọn ní Yogyakarta. Kí ló dé tó fi jẹ́ ìwọ ló ń wá? Nítorí bí òun bá dúró níwájú àwọn àgbà yẹn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní "Nggih," gbogbo wọn pátá, òun náà kò sì ní í mọ èyí tí wọ́n fún un. Bí ó bá jẹ́ ìwọ lo bá wọn sọ ọ́, wọ́n á tún ní "Nggih," torí pé o ti kúnlẹ̀ níwájú wọn, torí pé àwọn ni wọ́n gbé òrùlé lé ọ lórí. Wọn kò ní í fẹ́ dójú tì ọ́. Ojú tí wọ́n fi ń wò ọ́ ni Kábírù fẹ́ rà, ilẹ̀ ló sì pè é. Òun gan-an lè má mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mọ odi yẹn tán, tí àwọn obìnrin ń gba inú ẹrẹ̀, wọn kò ní í bínú sí ọ. Wọ́n á máa kí ọ. Wọ́n á máa yìn ọ́. O ti mọ irú ìyìn yẹn.

Kì í ṣe pé mo ní kí owó má wọ Banyusela. Màmá rẹ ní ìmọ̀ràn kan tó sàn ju tèmi lọ, má sọ fún un pé mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní Bu Sri ní yàrá tó ṣófo, Mbah Karti náà ní, ilé tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ń wá ẹni tí yóò tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó síbẹ̀, kó bá wọn tún ohun tó wà ṣe, kí àwọn àti òun jọ máa pín èrè àlejò tó bá sùn níbẹ̀, ọ̀nà ìsun omi á sì wà ní ṣíṣí. Kó tó ṣe ìyẹn pàápàá, kó wá gẹ́gẹ́ bí àlejò ná. Kó sùn, kó wẹ omi tútù, kó jẹ ẹ̀gẹ́, kó jí lọ síbi ìsun omi pẹ̀lú ike lọ́wọ́. Kọ ìyẹn sínú ìwé ìpolówó rẹ.

Mo sì mọ ohun tó ń dà ọ́ láàmú jù. Ẹ̀rù ń bà ọ́ pé bí o bá sọ fún Kábírù pé rárá, ọ̀rẹ́ èmi àti bàbá rẹ̀ lè bàjẹ́. Ẹ̀rù ba èmi náà, kí n má purọ́. Abọ́ kan ni èmi àti Múfútàù fi jẹun ní Kennington. Nígbà tí a bí ọ, tí n kò ní ẹbí kankan nílùú yìí, òun ló gbé ọ dání lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Nítorí náà, lẹ́yìn Jímọ̀ tó kọjá, mo dá a dúró níbi tí a ń kó bàtà sí.

Mo ní, "Múfú, Rọ́fíátù lè sọ fún Kábírù pé òun ò ní í bá a dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn o. Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, mo wà lẹ́yìn rẹ̀."

Ó ti wọ bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó dúró. "Ṣé ìwọ lo ní kó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Rárá. Mi ò tíì dá a lóhùn. Mo kàn fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi before somebody else tells you."

Àwọn ènìyàn ń kọjá láàárín wa, wọ́n ń wá bàtà wọn. Mo dúró níbẹ̀, Àbẹ̀kẹ́, bí ọmọdé tó fọ́ àwo.

Ó wá ní, "Kábírù gan-an, ó ti sùn níbẹ̀ rí?"

"Kò tíì débẹ̀ rí. Video ló wò. Wọ́n fi drone yà á."

"Drone!" Ó pariwo débi pé lèmọ́mù wa níbí yíjú wò wá. "Ọmọ tí mo fi night shift tọ́! Ó fẹ́ gba òkè tí kò tíì fi ẹsẹ̀ gùn?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di èjìká mi mú, pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Kí ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀?"

Mo sọ fún un.

Ó ní, "Ẹ̀gẹ́ àti àgbọn? Book me, jàre. Èmi fúnra mi ni màá mú Kábírù wá. Kó wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín, ká wo ohun tó máa sọ."

Nítorí náà, má ṣe nǹkan kan nítorí mi. Ẹnu rẹ ni, ìwọ lo ni ín. Bi ọkọ rẹ, gbàdúrà sí i, kí o sì dá Kábírù lóhùn bí ọkàn rẹ bá ṣe balẹ̀ sí. Ohun tí o bá sọ, ọmọ mi ni ọ́, kò sí ohun tó lè yí ìyẹn padà. Kí Ọlọ́run parí ilé tí àwọn ènìyàn bá ọ bẹ̀rẹ̀, kí ariwo ọmọ gba inú rẹ̀ kan, kí àlejò má wọ́n níbẹ̀, kí ìwọ náà má di àlejò níbẹ̀ mọ́ láéláé.

Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, à ń bọ̀: èmi, màmá rẹ, Múfútàù, àti Kábírù. Mo bẹ̀ ọ́, má wá pàdé wa níbi afárá, má sì jẹ́ kí Bàyú wá. Jẹ́ kí Múfútàù béèrè ilé rẹ lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ tí a bá rí lójú ọ̀nà. Mo fẹ́ kí Kábírù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, kó máa wo ojú ẹni náà nígbà tó bá gbọ́ orúkọ rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.